Èémí Tí Kò Dún

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọyẹ́ tó kọjá yìí, tí mo bá ti kírun Màgàríbì tán, orí ẹní ìkírun náà ni mo máa ń jókòó sí, màá gbé fóònù lé àyà mi. Ọmọkùnrin mi ló máa ń wà lódì kejì, ní Àbújá. Kì í sọ̀rọ̀. Èémí mi ló ń gbọ́. Màá mí sínú, màá mí síta, bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ní kó kàwé sókè. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní, "Màmi, ó mọ́ lónìí. Kò súfèé rárá." Èmi náà á ní, "Ṣé o gbọ́? Lọ jẹun, ọkọ mi." Òun nìkan ni ọmọ tí mo bí.

Ikọ́ fée ló ń bá mi fínra, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà. Kì í ṣe àìsàn àná. Láti kékeré ni mo ti ń bá a gbé ní Ọ̀sì níbí, bí ẹni tí àlejò dé sílé rẹ̀ tí àlejò náà kọ̀ tí kò lọ mọ́. Mo ti mọ ìwà rẹ̀. Mo mọ ìgbà tó ń sùn, mo mọ ìgbà tó fẹ́ jí. Àmọ́ ọyẹ́ tó ṣáájú èyí tó kọjá, ó kù díẹ̀ kó pa mí.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi jí i. Láti ìgbà tí a ti ṣe fídáù ọkọ mi tán ni mo ti ti yàrá rẹ̀ pa. Lọ́jọ́ náà, mi ò mọ ohun tó wọ̀ mí lórí, mo ní kí n gbá a. Ìrọ̀rí rẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, èyí tí ìyá rẹ̀ fi òwú àràbà rọ fún un nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Mo gbé e, mo gbọ̀n ọ́n, eruku sọ lálá. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, àyà mi ti dé pa. Mò ń fa èémí, kò wọlé. Mo fẹ́ kígbe, ohùn ò sí. Mo kàn jókòó sílẹ̀ mọ́ ògiri, mo ń wo ìrọ̀rí náà, mo ń ronú pé ṣé báyìí náà ni.

Obìnrin tó ń gbé nílé tó kángun sí tèmi ló gbà mí. "Ìyàwó" ni mo ń pè é, torí ìṣojú mi ni wọ́n gbé e wọ àdúgbò wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ti ní ọmọ tó ti lọ́kọ. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, àgbẹ̀ sì ni. Oko kajú wọn wà lọ́nà Koro. Aṣọ àdúrà tí mò ń rán fún un ló wá gbà. Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ṣe jẹun ní gbogbo ayé mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màmá, ẹ kú ulé o," kò gbọ́ nǹkan kan, ó bá wọlé. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé mi lọ síbi ìtọ́jú tó wà nítòsí. Ọlọ́kadà níwájú, Ìyàwó lẹ́yìn, èmi láàárín wọn bí àpò gààrí. Wọ́n ṣe tiwọn níbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sí Ìlọrin. Ìyàwó ò fi mí sílẹ̀. Àdúrà ló ń gbà nínú takisí náà títí tí dírẹ́bà fi ní, "Ìyá, ẹ rọra, ẹ ò jẹ́ kí n gbọ́ ẹ́ńjìnnì mi."

Ọmọ mi dé láti Àbújá. Ó dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi nílé ìwòsàn, géńdé ọkùnrin, ó ń sunkún. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Màmi, mi ò ní bi yín léèrè mọ́ o. Tí èyí bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́yẹ́ tó ń bọ̀, mò ń bọ̀ wá kó yín lọ sọ́dọ̀ mi. A ó ti ilé yẹn pa."

A ó ti ilé yẹn pa! Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí ju ikọ́ lọ. Mo ti dé Àbújá yẹn rí. Ilé alájà ni wọ́n ń gbé. Òun àti ìyàwó rẹ̀ á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n á dé nígbà tí mo ti ń tòògbé lórí àga. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún mi pé ẹ káàárọ̀. Mo kí aṣọ́gbà wọn lọ́jọ́ kan, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Lóòótọ́, mo dá wà ní Ọ̀sì náà. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti lọ tán, ẹ̀rọ ìránṣọ mi nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n sàréè ọkọ mi wà lẹ́yìn ilé, mo lè kí i láàárọ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dá wà nínú ilé ara ẹni. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá wà nílé onílé, mi ò sì fẹ́ kọ́ ọ lọ́jọ́ ogbó.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ di ti èmi àti ọyẹ́ kan ṣoṣo. Tí mo bá là á kọjá láìṣubú, mo ni ilé mi. Tí mo bá ṣubú, ilé lọ.

Dókítà tó tọ́jú mi ní Ìlọrin, ọmọ kékeré ni, obìnrin, ó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ mi. Ó fi ínhélà méjì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa fa ọ̀kan láràárọ̀ àti lálẹ́ bí ara mi tilẹ̀ yá, kí n fi èkejì sápò de ọjọ́ tí àyà bá há. Ó ní kí n ju ìrọ̀rí òwú yẹn nù, kí n ká kápẹ́ẹ̀tì, kí n máa fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀ gbígbẹ. Mo ń ní hẹ̀n-ẹ́n, hẹ̀n-ẹ́n. Ó wá ní, "Màmá, kí lẹ máa ń jẹ?"

Mo ní iyán, ẹ̀kọ, ọbẹ̀ ata, ẹja gbígbẹ.

"Èso ńkọ́? Ọsàn, ìbẹ́pẹ, máńgòrò?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dókítà, oníkọ́ ni mí. Ta ló ń fún oníkọ́ ní nǹkan kíkan?"

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Láti ìgbà wo?"

Mo ní, "Láti ìgbà tí mo ti dáyé."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ẹni tí kò dàgbà lọ́dọ̀ wa lè má mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ohun tó bá ti kan lẹ́nu, ikọ́ ló ń fà. Bí gbogbo èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn, Mùsùlùmí o, onígbàgbọ́ o. Ìyá mi gba èyí gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, torí ikọ́ yìí kan náà ti pa ọmọ kan mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ó tó bí mi. Nítorí náà mi ò jẹ ọsàn. Mi ò jẹ àgbálùmọ̀. Mi ò jẹ máńgòrò, mi ò fẹnu kan kajú. Ìyẹn nìkan kọ́. Ìyá mi ní òórùn rẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ dé imú mi. Tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi bá ti jẹ ọsàn, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ àti ẹnu kí wọ́n tó wọlé wá bá mi. Kí lọmọdé fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Wọ́n kàn máa ń dúró síta ni. Nígbà máńgòrò, tí gbogbo ọmọ àdúgbò bá wà lábẹ́ igi, tí wọ́n ń pariwo, ẹnu ìloro ni èmi máa ń wà, tí màá fẹ̀yìn ti ògiri, tí màá máa wò wọ́n. Mo gbọ́ ohùn wọn ju bí mo ṣe rí ojú wọn lọ. Mo rò pé ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń dá jókòó.

Dókítà yẹn gbọ́ ọ tán, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fa àga sún mọ́ mi. Ó ní, "Màmá, inú ọ̀nà tí èémí yín ń gbà rọ̀ bí inú ẹnu ni. Tí eruku tàbí ìyẹ̀fun òdòdó bá wọ ibẹ̀, ara ẹlòmíì kò ní í kà á sí. Ara tiyín á rò pé ọ̀tá ló dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Ìjà yẹn gan-an ló ń dá yín lóró. Ibi tí ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ á wú, á pọ́n, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì dí ìwọ̀nba àyè tó kù."

Mo ní, "Ìjà òfo nìyẹn o."

Ó ní, "Ìjà òfo ni. Ó sì ní èéfín tirẹ̀. Bí èéfín ṣe ń sọ ìdí ìkòkò di dúdú, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kan tó ń jáde nínú ìjà náà ṣe ń ba ọ̀nà èémí jẹ́ sí i. Àwọn èròjà kan wà nínú èso àti ewébẹ̀ tó máa ń pa èéfín yẹn. Ẹni tó bá ń jẹ wọ́n déédéé, eruku lè wọlé, ìjà lè bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó lè má le tó bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Ó lè?"

Ó ní, "Ó lè ni mo sọ, Màmá. Àwọn tó ń wádìí rẹ̀ kò tíì fẹnu kò. Ó jọ pé ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ti àwọn mìíràn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Oúnjẹ ni, kì í ṣe òògùn. Tí ẹ bá jẹ èyí tó yún yín lẹ́nu, ẹ fi í sílẹ̀ kíá. Ẹ má sì tìtorí ọsàn sọ ínhélà nù o, mo bẹ̀ yín."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó sínú takisí tó ń gbé mi bọ̀ wá sílé, inú bí mi, inú bí mi dé gbóńgbó. Gbogbo ayé mi! Gbogbo igi ọsàn tó wà láti Ọ̀sì dé Ìlọ́fà, mi ò mọ bí ìkankan ṣe dùn tó. Ìyá mi ì bá sì wà láàyè kí n bá a jà! Ìyá mi ti kú. Àwọn tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá ti túká, àwọn mìíràn ti kú. Mi ò rí ẹni tí màá sọ fún pé wọ́n fi nǹkan tí ó ṣeé ṣe kó ràn mí lọ́wọ́ dù mí. Nígbà tí takisí dúró ní Ọ̀mù-Àrán kí àwọn èèyàn sọ̀ kalẹ̀, mo na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, mo ra ọsàn.

Nígbà tí mo délé, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra mi bí ẹni tó jí nǹkan gbé. Mo mú ọ̀bẹ. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: mi ò mọ ọsàn bó. Àgbàlagbà bíi tèmi, tó ń gé aṣọ láìfi ṣọ́ọ̀kì fàlà, ọsàn ò ṣeé bó fún mi! Mo gé e dé inú, omi rẹ̀ ṣàn dé ìgbúnwọ́ mi. Mo mu èyí tó kù. Mo wá jókòó, mo ń dúró de ikọ́. Mo gbé ínhélà sórí itan mi. Ikọ́ ò dé. Mo tún dúró. Kò dé. Nígbà náà ni ẹkún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n mí, kì í ṣe tìtorí ọsàn. Ọmọ kékeré tó jókòó sẹ́nu ìloro yẹn ni mò ń sunkún fún. Ó wù mí kí n lọ pè é.

Ìyàwó rí èèpo rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó pariwo mọ́ mi. "Màmá! Ọsàn? Ẹ̀yin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bọ̀ láti Ìlọrin? Ṣé kí n pe ọmọ yín?"

Mo ní, "Pè é. Sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti yàyàkuyà, ó ti ń jẹ èso."

Ó jókòó. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó bó ọsàn kan, èèpo náà ń wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láì já, ó ní, "Ẹ wo ọwọ́ mi. Tí ẹ bá fẹ́ kú, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bó o ná." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó ti pẹ́ nìyẹn tí mo ti rẹ́rìn-ín pẹ̀lú èèyàn nínú ilé mi. Kò pẹ́, ó dìde, oko ń pè é.

Láti ìgbà náà ni mo ti di ẹrú ewébẹ̀. Mo gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sínú àwọn bàsíà tó ti lu, mo ń fi omi àlùwàlá bomi rin wọ́n. Gbúre hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ewúro wà lẹ́bàá ọgbà. Ọ̀nà tí a ń gbà se ẹ̀fọ́ lọ́dọ̀ wa gan-an, mo ní láti yí i padà. A máa ń bọ̀ ọ́ ná, a ó wá fún un bí ẹni ń fún aṣọ tí a fọ̀, a ó da omi aláwọ̀ ewé yẹn nù sí kòtò. Dókítà ní púpọ̀ nínú ohun tí mò ń wá ni mò ń dà sí kòtò yẹn. Nítorí náà mo kàn máa ń ṣan ewé náà dáadáa, màá já a sínú ata tó ń hó, màá sì tètè sọ̀ ọ́. Mo bù ú fún Ìyàwó tọ́ wò. Ó jẹ ẹ́, ó rọra gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ̀fọ́ yìí kò tíì mọ̀ pé òun ti kúrò lóko."

Àmọ́ kí n sọ òtítọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà: oúnjẹ yìí kì í ṣe oúnjẹ ẹni kan. Ẹja gbígbẹ máa ń dúró deni. Ewébẹ̀ kì í dúró, òòjọ́ ló fẹ́. Lójoojúmọ́ ni mo ní láti dáná fún ẹnu kan. Èso ló tún burú jù. Ta ló ń dá ọsàn mu? Ní Ọ̀sì, tí o bá bó ọsàn, wàá na ọwọ́ rẹ sí ẹnì kan ni, wàá ní gbà. Nígbà tí mo ti mọ̀ ọ́n bó dáadáa, tí èèpo rẹ̀ ń wálẹ̀ láì já, mo na ọwọ́ lọ́jọ́ kan láìronú. Ògiri ni mo nà án sí. Mo fà á padà, mo mu ún, ó sì dùn. Ó dùn mí náà.

Ọyẹ́ dé. Ètè bẹ̀rẹ̀ sí í là, òkè tó wà níwájú wa kò hàn mọ́ láàárọ̀, ìyẹ̀fun òdòdó kajú sì dara pọ̀ mọ́ eruku. Ìgbà náà ni ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ìrọ̀lẹ́ láti gbọ́ àyà mi. Ó ní òun kò gbà mí gbọ́ tí mo bá ní ara mi le, àyà mi ni kí n gbé sí fóònù kí ó bá òun sọ̀rọ̀. Mo bú u. Mo ní ṣé èmi ni ọlọ́pàá fẹ́ yẹ̀ wò? Ṣùgbọ́n tí aago náà bá ti fẹ́ tó, màá ti wẹ̀, màá ti de gèlè. Gèlè! Fún fóònù tí kò lójú. Kí n má tan ara mi, wákàtí yẹn ni mo fi ń gbé odindi ọjọ́.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n tiná bọ igbó lọ́nà oko, èéfín bo àdúgbò, katakata kan sì tún ń ha ọ̀nà wa, eruku pupa ń dìde. Kí n tó ti fèrèsé, àyà mi ti ń há. Mo fa ínhélà ti pàjáwìrì bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo jókòó, mo tẹríba síwájú díẹ̀, mo ń ka Kúlúù-wáláhù. Àyà náà há o, àmọ́ kò dé pa bíi ti àkọ́kọ́. Mi ò lè sọ fún yín pé ọsàn ló ṣe é, tàbí pé ẹ̀fọ́ ni, tàbí ínhélà àràárọ̀, tàbí ìrọ̀rí tí mo ti jù nù. Ó lè, bí dókítà ṣe wí. Èmi náà ò mọ̀ ju "ó lè" lọ.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé fóònù lé àyà. Ó ṣì ń súfèé díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ bí ọmọ mi ṣe mí kanlẹ̀. Ó ní, "Màmi, mo gbọ́ ọ. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Ilé mi ló fẹ́ lọ yìí, ohun tí mo ti ń jà fún láti ìgbà tí mo ti ti Ìlọrin dé. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́: inú mi dùn. Inú mi dùn dé ibi pé ojú tì mí. Mo fi aṣọ tútù nu gbogbo ilé, mo fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ Ìyàwó kó wá bá mi gúnyán lọ́jọ́ náà. Mo ra àkùkọ kan, mo so ó mọ́ ìdí ewúro. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń ṣe wàhálà yìí, mò ń jẹ ẹ̀fọ́ mi, mò ń mu ọsàn mi, mò ń fa ínhélà mi, torí mo ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n.

Nírọ̀lẹ́ Jímọ́, ó pè. Mo gbé fóònù lé àyà. Ó gbọ́ ọ títí. Ó wá kígbe, "Ó mọ́! Màmi, ó mọ́ pátápátá! Alhamdulillah!" Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n má wulẹ̀ wá mọ́ nígbà náà. Iṣẹ́ tó wà níwájú mi pọ̀. Tó bá jẹ́ pé ara yín ò yá ni..."

Mo ní, "Kò burú, ọkọ mi. Ọ̀nà náà jìn."

Mo lọ tú àkùkọ sílẹ̀. Ó ṣì wà láàyè títí dòní, ó ti sanra, kì í jẹ́ kí n sùn láàárọ̀. Òun nìkan ló jèrè ara líle mi.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Eruku wolẹ̀. Mo ti la ọyẹ́ já, mo sì ni ilé mi. Kajú pọ́n, wọ́n ń wá kórè. Kóró rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ń rà, nítorí náà wọ́n á lọ́ kóró kúrò, wọ́n á da èso sílẹ̀ lókìtì, pípọ́n àti pupa rúsúrúsú, fún agbọ́n àti eèrà. Mo bẹ Ìyàwó kó máa bá mi mú díẹ̀ bọ̀. Ó ní, "Ìdọ̀tí oko yẹn?" Àmọ́ ó mú un wá, kún garawa. Ó gbé e sílẹ̀, ó nàka sí mi: "Ẹ má mu mílíìkì lé e o. Ẹ ó kú, ẹ ó wá ní èmi ni." Mo ní n kò ní mu ún. Kajú náà fún mi lọ́fun díẹ̀, ó dùn, omi rẹ̀ pọ̀. Mo jókòó sẹ́nu ìloro ilé mi, bí mo ṣe máa ń jókòó sẹ́nu ìloro ilé ìyá mi nígbà èwe, mo ń jẹ ẹ́. Kò sẹ́nì kankan lábẹ́ igi mọ́. Àwọn ọmọ tó ń pariwo nígbà náà ti lọ.

Fóònù ò dún ní ìrọ̀lẹ́ mọ́. Kì í ṣe pé ó dáwọ́ dúró lójijì. Ó kọ́kọ́ di ọjọ́ Jímọ́ nìkan. Ó wá di ìgbà tó bá rántí. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ayọ̀ ni o, pé, "Màmi, ọkàn mi ti balẹ̀ lórí yín báyìí." Ọmọ dáadáa ni. Mi ò rí ẹ̀sùn kan kà sí i lẹ́sẹ̀. Ìgbà tí àyà mi ń súfèé ni mo ní olùgbọ́. Ìgbà tó mọ́, kí ló kù tó fẹ́ gbọ́?

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń súfèé yẹn. Gbogbo ayé mi ni mo fi kọ́ ọ. Tí mo bá fún ọ̀fun mi pọ̀ díẹ̀, mo lè ṣe é kí dókítà pàápàá gbé mi lọ sí Ìlọrin. Mo dán an wò nínú yàrá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jáde geerege. Ìtìjú mú mi, mo bú ara mi. Mo bó ọsàn kan, mo mu ún, kí ọ̀fun mi lè rántí ohun tí a jọ ń ṣe.

Lánàá, lẹ́yìn Màgàríbì, èmi ni mo pè é. Ó gbé e kíákíá. Ariwo èèyàn wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmi! Ṣé kò sí o?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan."

"Àyà yín ńkọ́?"

"Ó mọ́."

"Alhamdulillah! Ẹ jẹ́ kí n pè yín padà, àwọn kan ń dúró dè mí..."

Mo ní, "Dúró ná. Gbọ́ ọ." Mo gbé fóònù lé àyà mi, lórí ẹní ìkírun níbẹ̀, pẹ̀lú gèlè lórí. Mo mí sínú, mo mí síta. Ariwo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rọlẹ̀, ó jọ pé ó ti jáde síta. Mo tún mí sínú, mo mí síta.

Ó ní, "Màmi, mi ò gbọ́ nǹkan kan o. Màmi? Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Mo wà níbí, ọkọ mi. Ara mi ló yá."